Oníbàárà Igba Lé Mẹ́rìnlá

Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ìró àlùmọ́gàjí ìyá rẹ̀ lórí pákó ni ohun àkọ́kọ́ tó rántí láyé. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí, lórí àjákù aṣọ, ìró náà a sì máa rìn lókè orí rẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ. Bí ìró náà bá dáwọ́ dúró, á jí. Ó mọ̀ pé ìyá òun ń wo ìwé ìwọ̀n nìyẹn, ìwé gbọọrọ aláwọ̀ ewé tó máa ń kọ èjìká, ọrùn àti ìdí gbogbo àdúgbò sí.

Inú ìwé yẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe lónìí ti jáde. Ó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe áàpù tí àwọn aránṣọ á fi máa tọ́jú ìwọ̀n oníbàárà wọn sínú fóònù, kí ìwé má baà sọnù, kí òjò má baà pa á. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá Áàpù. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ọ̀gá Áàpù, ṣé áàpù náà ti ń rán ṣòkòtò?" Á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín.

Ọ́fíìsì rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì: tábìlì kan, àga méjì, fáànù kan tó máa ń mi orí bí ẹni tí kò gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ló ni àga kejì. Òun ló ń kọ kóòdù, Oníkóòdù ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti fún Oníkóòdù ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ó wà nínú báàgì rẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Obìnrin olókòwò kan tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù ti ní òun lè fi owó sí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi iye oníbàárà tí àwọn aránṣọ kọ sínú áàpù lọ́sẹ̀ yìí ránṣẹ́, kó tó di aago mẹ́rin Ọjọ́rú. Oníkóòdù sọ tirẹ̀ láìfi epo bọyọ̀: bí Màdáàmù bá ní kí àwọn wá, òun á dúró. Bí kò bá pè wọ́n, ó dìgbóṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà méjìlá ni wọ́n kọ sí i.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Oníkóòdù pariwo.

"Wá wo nǹkan! Igba lé mẹ́rìnlá!"

"Igba kí ni?"

"Igba oníbàárà! Gbé fóònù, fi ránṣẹ́ kí Màdáàmù tó yí ọkàn padà."

Ó fẹ́ yọ̀, ayọ̀ náà kò wá. Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Tíṣà Ọlọ́rùn-gígùn. Tíṣà yẹn ló kọ́ ọ ní á-bí-dí, ó sì ti kó kúrò ládùúgbò tipẹ́. Baba Oníkẹ̀kẹ́. Baba Oníkẹ̀kẹ́ ti kú láti ìgbà tí òun ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tún wo ìsàlẹ̀. *Bàbá Ọmọ Mi. Èjìká, méjìdínlógún. Ọrùn, mẹ́rìndínlógún.*

"Kí ló dé?" Oníkóòdù bi í.

"Bàbá mi wà níbẹ̀."

"Bàbá ẹ tó ti..."

"Ọdún kẹsàn-án rèé."

Oníkóòdù fọwọ́ họ orí. "Áàpù ò béèrè bóyá èèyàn wà láàyè. Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ̀."

Ó dìde fùú. Ìṣó etí tábìlì kọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bọ́tìnnì kan fò sílẹ̀. Ó ṣà á sápò, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lọ.

Ó bá a tó fi awò ojú sí ṣóńṣó imú, ó ṣí ìwé aláwọ̀ ewé sílẹ̀, ó ń fi ìka kan tẹ fóònù bí ẹni ń tẹ àtàǹpàkò.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́."

"Ọkọ mi, o dé lásìkò. Lẹ́tà inú nǹkan yìí ò tóbi. Ẹni tó ṣe é ò ro ti àgbàlagbà."

"Màámi, èmi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ igba èèyàn síbẹ̀?"

"Igba lé méjì. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ojú-ewé mẹ́fà ṣì kù."

"Baba Oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ṣé ó fẹ́ wá gba aṣọ ni?"

"Ta ló ní ó ń bọ̀ wá gbaṣọ? Ṣebí ìwọ lo ní kí ìwé má baà sọnù? Wo ẹ̀yìn rẹ̀, ikán ti ń jẹ ẹ́. Àbí oníbàárà mi kọ́ ni wọ́n?"

"Oníbàárà yín ni, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni?"

Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rọra bọ́ awò.

"Mo gbọ́ nígbà tí ò ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé bí èèyàn ò bá pọ̀, iṣẹ́ náà á dẹnu kọlẹ̀. Àwọn èèyàn tí mo ní nìyẹn."

"Ṣé nítorí ìwé lẹ ṣe é, Màámi, àbí nítorí mi?"

"Ṣé wọ́n yàtọ̀ síra ni?" Ó wo àyà rẹ̀. "Bọ́tìnnì ẹ dà? Bọ́ ọ, kí n rán an."

"Kò sáyè, aago mẹ́ta ti kọjá."

"Gba èyí dání nígbà náà." Ó gún abẹ́rẹ́ olówùú mọ́ àjákù aṣọ kan, ó tì í sọ́wọ́ rẹ̀.

Bó ṣe ń padà lọ, ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Aránṣọ kan jókòó ti áàpù òun fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Kí lèèyàn tún ń wá ju ìyẹn lọ? Ṣùgbọ́n òkú kì í rán aṣọ. Bó bá ní igba lé mẹ́rìnlá, irọ́ ni àbí òótọ́? Bó bá ní méjìlá ńkọ́, ṣé kò ti sọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ di asán?

"Méjìlá á pa wá, igba á gbà wá," ni Oníkóòdù wí nígbà tó ro ọ̀rọ̀ náà fún un ní ọ́fíìsì. "Kí lo tún ń rò?"

Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, ó sì kà á sókè: "Igba lé mẹ́rìnlá ni, Mà. Igba lé méjì nínú wọn wá láti inú ìwé àtijọ́ ìyá mi tó jẹ́ aránṣọ. Àwọn kan nínú wọn ti kú. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kà wọ́n."

"Àwọn kan ti kú! Ṣé áàpù lo fẹ́ tà ni àbí o fẹ́ kéde òkú?"

Ó ti fi ránṣẹ́. Oníkóòdù wò ó títí, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn. Ó gbàgbé ṣájà rẹ̀ lórí tábìlì. Bóyá kò sì gbàgbé rẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ kí èsì tó dé. "Mo ti rí i. Ẹ wá lọ́la, aago mẹ́wàá." Ó tán. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀, kò rí ìbínú. Ó kọ ọ́ sí Oníkóòdù: "Ó ní ká wá." Ó dúró. Oníkóòdù ò fèsì.

Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ yìí nìkan ló ṣeé wọ lọ sọ́dọ̀ Màdáàmù lọ́la. Ó bọ́ ọ, ó jókòó ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ó yọ bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ jáde. Ọmọ aránṣọ, abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó fà á wọlé, ó fà á jáde, ó ta kókó sí ẹ̀yìn. Bọ́tìnnì náà wọ́ díẹ̀ sápá òsì. Ó fi eyín gé òwú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀.