Omi Inú Búta

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló pa ìyá mi, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan.

Ikọ́ àsìmá ló ń bá ìyá mi jà nílé wa ní Ọ̀yọ́. Lásìkò sáàpù, ètò ìjọba ológun tó sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n, tí oògùn wọ́n bí ojú, dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún un ní oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Ó ní awọ tó bo inú ọ̀nà èémí rẹ̀ ló ń wú, pé oògùn náà ni yóò máa pẹ̀tù sí i, kó máa fà á sáyà láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ń pe ẹlòmíì.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, kí n má purọ́. Àyà ìyá mi rọlẹ̀. Láàárọ̀, yóò gbé búta omi rẹ̀, yóò ṣan ẹnu, yóò ṣe àlùwàlá tán pátá, kó tó wá fín oògùn, kí ikọ́ má baà dà á láàmú lórí ìrun. Bó ṣe ń ṣe é lálẹ́ náà nìyẹn.

Nígbà tó yá, nǹkan funfun hù sí ahọ́n rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì há. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kó la ẹnu lójú oòrùn.

“Ìyàwó, oògùn òyìnbó yìí ń bó ẹ nínú ni. Tó bá ṣe ẹnu báyìí, kí ló máa kù láyà?”

“Mo ti gbọ́, mà.”

Ó pa oògùn tì. Funfun náà lọ, wọ́n ń yọ̀. Awọ inú lọ́hùn-ún tún ti ń wú, ta ló rí i? Ọjọ́ tí èéfín ààrò ká a mọ́, a gbé e sọ́kọ̀, kò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Ọdún gorí ọdún kí ọmọ tèmi náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí bíi ti ìyá mi. Nọ́ọ̀sì gbé irú oògùn náà lé mi lọ́wọ́.

“Tó bá ti fín in tán, ẹ jẹ́ kó fi omi ṣan ẹnu, kó tu ú dànù. Èyí tó bá kù sẹ́nu ló máa ń jẹ́ kí nǹkan funfun hù.”

Inú bí mi. Omi lásán! Ìyá mi tó ń ṣan ẹnu lójoojúmọ́ ayé. Ká ní ẹnìkan sọ fún un pé kó kọ́kọ́ fín oògùn, kó tó ṣe àlùwàlá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló jogún búta náà. Òun ló fi ń ṣe àlùwàlá títí tó fi darúgbó.