Ìṣákọ́lẹ̀ ní Sharjah

Ọdún tí òjò ńlá rọ̀, tí títì Sharjah di odò, tí mọ́tò ń léfòó bí igbá, ọdún náà ni ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ tó ṣẹ́kù fún wa. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà níbẹ̀, mo wá bá a tọ́jú ìkókó. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe.

Bàbá ńlá wa ló kọ́kọ́ tẹ ìlú wa dó. Wọ́n ní ó rìn láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún; ibi tó ti jókòó ló gbin pèrègún sí, ó ní ibẹ̀ ni ààlà. Ká ní ẹsẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀ sí i, bóyá Dubai gan-an ìbá jẹ́ tiwa. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tọrọ oko, ó fún wọn, wọ́n sì ń gbé iṣu àti obì wá lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn: bí o bá ti gbé e wá, o gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe tìẹ. Nígbà tó yá, àwọn bàbá wa kọ́ ilẹ̀ títà. Wọ́n mọ̀ ọ́n tà débi pé wọ́n ta ojú kan fún ẹni mẹ́ta, lọ́yà tó bá wọn parí ìjà sì kó púpọ̀ nínú èyí tó kù. Ó wá ku ibi tí sàréè bàbá ńlá wa wà, àti oko kékeré tí ìdílé kan ṣì ń dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ ìdílé yẹn kan wà ní Sharjah. Òun ló gba fúláàtì tí ọmọ mi ń gbé. Ó fi pákó gé e sí yàrá-yàrá, ó ń fi ààyè ibùsùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní bedspace, háyà. Ọmọ onílẹ̀ di ayálégbé ọmọ ẹni tó tọrọ oko.

Òun náà ló fẹ́ ra ilẹ̀ sàréè. Àwọn àbúrò mi nílé ti gbà, èmi àgbà nìkan ló kù. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí kò lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Al Qusais, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ ni, kò lè wá bẹ àgbà lọ́wọ́ òfo. Ó gbé iṣu àti obì tó rà lọ́jà Deira ní Dubai kalẹ̀ níwájú mi.

Mo ní kí ọmọ mi pe àbúrò mi lórí fídíò kíá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ṣé o rí iṣu yìí?"

"Mo rí i, mà."

"Ṣé o rí ẹni tó gbé e wá? Ó ti san ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí." Mo pa obì lójú gbogbo wọn, mo jẹ ẹ́.

Ọkùnrin náà fò dìde. "Háà, Màmá! Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín!"

"Kí ni bàbá rẹ máa ń gbé wá fún bàbá mi?"

"Iṣu ni, mà."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Obì."

"Khalas nígbà yẹn, ó ti parí."

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ta ló máa ta ilẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Màmá, ẹ mú mi." Nígbà tí oṣù parí, ó fowó lé bedspace wa.

Nígbà tí mo padà délé, mo pe àwọn ọmọ mi jọ, èyí tó wà ní Sharjah ń gbọ́ lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ má ta ilẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ máa tà á. Torí náà, tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ bàbá ńlá wa ni kí ẹ sin mí sí, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ pé òun máa ra èmi náà mọ́ ọn."