Lẹ́ǹsì Kékeré Lẹ́nu Kámẹ́rà Ńlá

Ayàwòrán kan wà ní Ìgbó-Ọrà tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Láti ìgbà tó ti ra kámẹ́rà ńlá, irú èyí tí sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ fẹ̀, a ò rímú mí mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e kọ́rùn kiri, ìbáà jẹ́ pé gààrí ló fẹ́ lọ rà. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Lẹ́ǹsì kámẹ́rà kékeré rẹ̀ àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹní kékeré kò lè kárí yàrá ńlá, pé ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ǹsì yẹn ń gbà wọlé kò ní dé igun sẹ́ńsọ̀, fọ́tò yóò sì dúdú létí. Ó fojú tín-ín-rín mi. Ó ní ṣebí ó wọ ẹnu kámẹ́rà, ó sì dúró. Ọ̀mọ̀ràn ni.

Ẹbí kan ní Ìdèrè ní kó wá ya ìyá wọn méjì, ìbejì, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí wọn ò sì jọ ya fọ́tò rí. Mo bá a lọ. Ó to àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáàárín, ó fi ìyá kan sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, ìkejì sí ti òsì. Ó ní ìbejì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Òkùnkùn wà létí ojú kámẹ́rà, ó ní òjìji igi máńgòrò ni.

Nígbà tí fọ́tò jáde, àwọn ọmọ-ọmọ hàn ketekete. Àwọn ìyá tí a tìtorí wọn lọ ti wọnú dúdú. Ó ní òun yóò padà lọ tún un yà. Kó tó lọ, ọ̀kan nínú wọn kú.

Aláìnítìjú tún gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ya èyí tó kù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tò ó pọ̀, bí àwọn ayàwòrán wa ti máa ń ṣe fún ìbejì tí ìkejì rẹ̀ ti lọ. Wọn ò pè é mọ́, èmi ni wọ́n pè.

Ìyá náà jókòó níwájú mi.

“Ọmọ mi, ojú tèmi nìyí,” ló wí. “Ojú tiẹ̀ ni mo ń wá.”

Mo ti la ẹnu láti bú ẹni tó fà á. Ni ojú mi bá bọ́ sára báàgì mi. Lọ́jọ́ tí a lọ yẹn, lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà ńlá náà mu rẹ́gí wà nínú báàgì náà. N kò mú un jáde, torí mo fẹ́ kó tẹ́.