Aago Tó Wà Lọ́rùn Ẹsẹ̀ Bàbá Ẹ-Wá-Lọ́la

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa Bàbá Ẹ-Wá-Lọ́la, télọ̀ àdúgbò wa: bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, fóònù ló fi ń pe ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé omi wá, bẹ́ẹ̀ yàrá kejì ni ìyàwó náà wà. Ìṣísẹ̀ méjìlá ló wà láàárín wọn. Ní ti orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún un rí kò ní béèrè ìdí.

Nígbà tó yá, dókítà sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora mọ́ lè di gígé, àfi kó lo oògùn, kó sì máa rìn. Oṣù mẹ́ta ló fún un. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí náà ni bàbá fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀ fún un, èyí tó ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ náà. Bàbá so ó mọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n aago náà ń fa òwú aṣọ oníbàárà yọ. Ló bá so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, aago ti ka ìṣísẹ̀ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹgbàá mẹ́wàá. Ọmọ pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi! Ọ̀kẹ́ kan? Ta ló ń lé yín?"

"Ọmọ mi, ìran wa kì í ṣọ̀lẹ."

Ẹnu ya ọmọ. Ẹnu ya bàbá pàápàá, nítorí kò mọ̀ pé òun ń rìn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọ wá fojú ara rẹ̀ wo ìyanu náà. Orí àga ló bá a, tó ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, tí aago ń kà á lọ ràì.

"Bàbá, ibo lẹ rìn dé lónìí?"

"Láti apá ẹ̀wù dé ọrùn rẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú aago kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ló bá rí abẹ́rẹ́ tó kán sí gìgísẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e.

"Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?" Bàbá ṣì ń ránṣọ lọ.

Ọmọ na abẹ́rẹ́ náà sí i. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Nígbà tí ojú gìgísẹ̀ jinná, bàbá wọ bàtà tó nípọn, ó so aago mọ́ ọwọ́, ó sì ń fẹsẹ̀ gbé aṣọ lọ sílé oníbàárà ní ìrọ̀lẹ́. Ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún péré ló kọ́kọ́ rìn. Ó di ẹgbàá, ó di ẹgbàáta. Ṣùgbọ́n kó tó lè rí aṣọ gbé lọ, ó gbọ́dọ̀ rán an tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kan ilẹ̀kùn oníbàárà kan.

"Ta ni?"

"Télọ̀ ni."

"Télọ̀ tèmi? Ṣé kò sí láburú o?" Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó figbe ta sí ọkọ rẹ̀: "Bàbá Ìbejì, ẹ jáde wá wò ó! Ọjọ́ tó dá gan-an ló gbé e wá!"

Oṣù mẹ́ta pé. Dókítà wo èsì àyẹ̀wò, ó tún un wò.

"Ṣúgà yín ti wálẹ̀, Bàbá. Ẹsẹ̀ yìí kò lọ ibì kankan mọ́."

"Ó ń lọ, dókítà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ."

Lánàá, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù láti yàrá kejì pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Bàbá dìde, ó bu omi lọ fún un, ó padà, ó wo aago: ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ ń ka èyí, níbo ni omi yín wà, ta ni ẹ sì ń pè kó gbé e wá?