Òtẹ́ẹ̀lì Tó Pariwo Jù Lẹ́yìn Gáréèjì

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ọ̀mù-Àrán, òpópó tó wà lẹ́yìn gáréèjì ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn, níbi tí òtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ti tò bí eyín. Àwọn ará Gánà ló ń gbàlejò níbẹ̀, àwọn ló ń dáná, àwọn náà ló ń ta gìtá ní alẹ́ Sátidé. Wọ́n lọ tán. Àwọn kan ní ìlú fúyẹ́, àwọn kan ní ìlú ti tú. Ohun tí ojú rí ni pé owó yàrá já wálẹ̀, aṣọ ibùsùn kò sì funfun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Oṣù kẹta ọdún náà ni Nímọ́tà wọ òpópó yìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi pọ́ọ̀sì há abíyá, ó ń wá yàrá tí yóò sùn di ọjọ́ kejì. Kì í ṣe àlejò. Agbo ilé tí wọ́n ti bí i kò jìnnà sí gáréèjì rárá. Ẹni tó nílé nínú ìlú tó tún ń wá òtẹ́ẹ̀lì kiri, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àlàyé.

Ìyá rẹ̀ ló kú. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an, bí ẹ̀sìn ṣe wí, kí tẹligíráàmù tó dé Èkó. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni Nímọ́tà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Bí aláìsàn bá kú, òun ló ń ká aṣọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi Ísáàlì apakòkòrò nu ún, tó ń tẹ́ òmíràn fún ẹni tó kàn. Nígbà tí wọ́n fún un ní tẹligíráàmù náà, ó kà á, ó ká a, ó sì parí ilẹ̀ tó ń nù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ara rẹ̀ ò tíì gbà á ni, pé ẹkún ń bọ̀. Ó retí ẹkún náà ní Ìbàdàn, ó retí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ kọjá ní Òrò, ojú rẹ̀ ṣì gbẹ bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn.

Ọ̀sán ọjọ́ keje tí ìyá rẹ̀ kú ló wọlé. Bí àwọn obìnrin ilé ṣe rí i ni wọ́n figbe ta, nítorí ọmọ olókùú kì í dé kí ilé dákẹ́. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì dúró kí ó gbà á lẹ́nu wọn. Nímọ́tà la ẹnu. Èémí lásán ló jáde.

Suliat, ìyàwó Salaudeen tí í ṣe ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, sún sẹ́yìn díẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Èkó yìí mà le o,” ó ní. “Ó tún fa omi ojú ènìyàn gbẹ.”

“Suliat, pa ẹnu ẹ mọ́,” ni Ìyá Hàmídù wí. Òun ni ìyálé gbogbo agbo ilé. Ó fa Nímọ́tà lọ́wọ́ wọ yàrá olóògbé, ó sì jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Nímọ́ọ̀, o ti pẹ́ lẹ́yìn odi, jẹ́ kí n rán ọ létí. Inú yàrá yìí lo máa sùn lálẹ́ òní. Ní ìdájí ọ̀la, kí àwọn àáfà tó dé fún fídáù, mo máa kanlẹ̀kùn, mo máa béèrè pé ta ló wà nínú yàrá. Ìwọ lo máa dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ló ni yàrá, òun ló sì ń pín ẹrù.”

“Bí ẹnì kankan ò bá dáhùn ńkọ́?”

“Yàrá padà di ti agbo ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ẹni tó bímọ. Má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà ọ́, o ò ní dá sùn. Gbogbo wa la máa tẹ́ ẹní síbí. A jọ máa sunkún ẹ̀ mọ́jú ni.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló lé Nímọ́tà jáde nílé. Kò bẹ̀rù òkú. Òkú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú àwọn obìnrin yẹn ni kò lè gbà mọ́jú, tí wọn ó máa ṣọ́ ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò tó kọ̀ tí kò hó. Síbẹ̀, ó fẹ́ yàrá náà. Ibẹ̀ nìkan ló kù láyé tó lè wọ láìkanlẹ̀kùn. Ó gbé báàgì ńlá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìró bò ó. Ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fi báàgì sórí bẹ́ǹṣì ti jókòó nìyẹn, ó lè lọ jẹun kó padà wá, kò sẹ́ni tó máa bá a dù ú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé báàgì á bá òun sùn, òun á sì ti padà kí ìdájí tó pé.

Ní òtẹ́ẹ̀lì tó kọ́kọ́ yà, bàbá arúgbó kan bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. “Ojú yìí jọ ojú tí mo mọ̀. Ọmọ ilé ta ni?”

“Èsìẹ́ ni mo ti wá, bàbá,” ó ní, ó sì jáde.

Ní ìkejì, obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò dìde. “Ọ̀gá wo lẹ wá bá?”

“Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni.”

“A kì í fún obìnrin tó dá wá ní yàrá. Ẹ lọ mú ọkọ yín wá.”

Ìkẹta ni Sáńlàìtì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ orin sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ń mi páànù. Ọkùnrin sísanra kan tó ń jẹ́ Ọlábọ̀dé ló wà nídìí kọ́kọ́rọ́. Ó ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

“Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Yàrá méjì ló kù. Ọ̀kan wà lẹ́yìn, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀kan wà lókè ẹ̀rọ yìí gan-an. Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹni tó bá sùn síbẹ̀ á máa jó lójú oorun.”

“Ìyẹn ni mo fẹ́.”

“Èyí tó dákẹ́?”

“Èyí tó wà lókè ẹ̀rọ.”

Ọlábọ̀dé wò ó. “Owó kan náà ni o. Ṣé ẹ máa mu ọtí ni?”

“Rárá.”

“Ẹ ò mutí, ẹ ò ní àlejò, ẹ sì fẹ́ ariwo. Àwọn ará Gánà ì bá mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú yín. Ní tèmi, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mo ní.”

Ó gba kọ́kọ́rọ́. Nínú yàrá yẹn, ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá kò lè mọ̀ bóyá ẹni tó wà nínú ilé ń sunkún tàbí kò sun. Ó dùbúlẹ̀. Ìlù ń ti ilẹ̀ wọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ti bẹ́ẹ̀dì wọ eegun. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó, ó tún retí ẹkún lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò wá. Oorun ló wá.

Nígbà tó lajú, oòrùn ti gun ògiri. Ọlábọ̀dé gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yán. “Gbogbo ẹni tó bá sùn sókè yẹn ló ń pẹ́ jí. Ìgbà tí orin bá dákẹ́ ní ìdájí ni oorun gidi máa ń gbé wọn.”

Kò sáré délé. Àwọn àáfà ti jókòó. Ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu; báàgì rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, wọ́n ká ìró dáadáa lé e. Nínú yàrá, ẹní àwọn ọmọ Suliat ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ti gbé tìmùtìmù jáde lọ sá. Nímọ́tà wo ilẹ̀ náà. Wọ́n gbá a títí dé kọ̀rọ̀. Kò rí àléébù kankan níbẹ̀.

“Nígbà tí a ò rí ọ lálẹ́, kálukú lọ sùn sí yàrá ẹ̀. Ní ìdájí, mo kanlẹ̀kùn,” ni Ìyá Hàmídù wí lẹ́yìn rẹ̀. “Mo béèrè títí. Mo ní bóyá o ti padà, pé oorun ló gbé ọ lọ, mo ṣílẹ̀kùn wọlé, báàgì ni mo bá.”

“Báàgì mi ni.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Salaudeen ní kí n máa bá a lọ, pé ìyàwó òun ń kó ọmọ sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Báàgì ò lè dáhùn, Nímọ́ọ̀.”

Bóyá ó dúró tó bó ṣe wí, ẹnì kan ò jẹ́rìí sí i. Ohun tó dájú ni pé gbogbo ilé ti mọ̀ pé Sáńlàìtì ni Nímọ́tà sùn. Awakọ̀ kan ló ti gáréèjì gbé ìròyìn náà wálé. Suliat jáde, ó kọjá lára rẹ̀, kò yọ ṣùtì, kò sì wo ojú rẹ̀. Nímọ́tà wá ìbínú nínú ara rẹ̀ bó ṣe wá ẹkún. Ó mọ ibi tó yẹ kí ó wà. Ibẹ̀ ṣófo.

Wọ́n fi ìjókòó hàn án lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àwọn tó ti Ìsánlú-Ìsin wá kí wọn. Àáfà dárúkọ ìyá rẹ̀, ó ṣe àmín pẹ̀lú èrò. Nígbà tí àdúà parí, Ìyá Hàmídù gbé àwo ìrẹsì síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá.

“Ṣé ẹ rí omi wẹ̀ níbi tí ẹ sùn?”