Ìyá Tí Ara Rẹ̀ Máa Ń Le

Bí ilé ń jó mọ́ Olúrántí lórí, tí ẹ bá bi í pé ara ńkọ́, "Ara le, a dúpẹ́" ni yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ìyìn-Èkìtì: èèyàn kì í fi àìsàn dá ẹni tó kí i lóhùn. Ẹ̀kọ́ ilé tó dára ni o, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó pa á.

Gaàrí ni ó ń yan, ásímà, àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa, sì ti ń bá a fínra láti ọdún mẹ́fà. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń wọ mọ́tò lọ rí dókítà ní kílíníìkì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó. Báwo ni ara, Ìyá? Ara le. Dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ara le títí, dókítà dín ìnhélà búráùn, oògùn tí Olúrántí ń fà sẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́ kí èémí má bàa há a, kù. Ta ló fẹ́ pe àgbàlagbà ní òpùrọ́?

Lóṣù Kẹta, nọ́ọ̀sì tuntun kan, Adédoyin, ọmọ Èkìtì paraku, ló pè é wọlé. Kò tilẹ̀ béèrè ara.

"Ìyá, yèsí ló ń gún uyán ní ulé yín?"

"Dùnmínínú, ìyàwó ọmọ mi ni. Láti Kérésì."

"Kí ló dé tí ẹ gbé ọmọ odó sílẹ̀?"

Obìnrin Èkìtì kì í ṣàdédé gbé e sílẹ̀.

"Èémí mi kì í tó o mọ́."

"Lóru ńkọ́?"

"Ìjókòó ni mo ń sùn."

Adédoyin ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn agbára èémí. Àmì inú rẹ̀ ò gòkè rárá. Ó sáré pe dókítà. Ojú ti dókítà. Wọ́n dá ìnhélà náà padà sí bó ṣe wà, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fà á wọnú àyà, Dùnmínínú sì gba gaàrí yíyan nídìí èéfín lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, òun àti Dùnmínínú jọ padà wá.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni ikọ́ jí yín lóru ọ̀sẹ̀ yìí?"

"Kò sí rárá."

Adédoyin ò gbà á gbọ́. Dùnmínínú ló yíjú sí.

"Òótọ́ ni," ni ìyẹn wí. "Èmi ni n kì í rí oorun sùn mọ́. Wọ́n ń han-run jù!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olúrántí di ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mú, omi lé ròrò sí i lójú.

"O ṣé, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kí mi. Ìwọ lo dúró gbọ́ ìdáhùn."