Kànga Tí A Bò Nítorí Omi Ìjọba

Ṣé àwa ará Bàrígà ni ìjọba fẹ́ tàn jẹ? Ó tì o! Nígbà tí a gbọ́ pé owó tí ìjọba máa fi ṣe omi ẹ̀rọ ti jáde, pé wọ́n ń bọ̀ wá wo àdúgbò tí kò lómi rárá, kíá ni àwọn onílé ṣèpàdé. Wọ́n ní kí kálukú bo kànga rẹ̀. Tí ìjọba bá fi lè rí kànga kan péré, àdúgbò Fọlá Àgòrò ni wọ́n máa gbé omi wa lọ.

Bàbá mi ló gbẹ́ kànga tiwa kí wọ́n tó kú. Omi rẹ̀ ni ìyá mi fi ń ṣe fùfú tà, fùfú yẹn ló sì rán wa níléèwé. Mo ní, "Màámi, páànù lásán ti tó."

Wọ́n ní, "Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Tá a bá máa purọ́, ká kúkú pa á kó dán." Ni wọ́n bá pe bíríkìlà, ó da kọnkéré lé kànga lórí, ó tẹ́ ẹ, ó ń dán.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n káàánú wa títí. Ọ̀gá wọn gun orí kọnkéré, ó fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Ó ní, "Mama, ibí yìí gan-an la máa gbé táǹkì sí." Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìṣíde, ọkọ̀ táńkà ló wá rọ omi kún táǹkì náà. Gbogbo wa rí i, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Omi yẹn ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Látìgbà náà, atẹ́gùn ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.

A lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n jẹ́ ká fọ́ kọnkéré. Ọ̀gá ọjọ́sí lajú sí wa: "Ẹ fẹ́ ba dúkìá ìjọba jẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lómi!" Inú bí mi bí ẹni pé kí n ya aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyá mi ló fà mí jáde.

Owó omi tí mẹ́ruwà ń fi ọmọlanke tì kiri tà ò lè jẹ́ kéèyàn fọ ẹ̀gẹ́ kó sì tún jèrè. Ìyá mi gbìyànjú ẹ̀, ó sú wọn. Wọ́n dojú àwọn ìkòkò fùfú wọn délẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá mi rán mi lọ ra fùfú ní Ọbaníkòró. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló dì. Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n bu òkèlè kan, wọ́n rọra jẹ ẹ́.

Wọ́n ní, "Ó mọ́. Obìnrin tó ṣe é ṣì ní kànga."